Ọkọ̀ méjì forí sọra lójú òkun: kí ni wọ́n ń pè é, ta sì ni wọ́n ń dá lẹ́bi?

Iṣẹ́ títúmọ̀ ìròyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni mò ń ṣe jẹun. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó ń jẹ́ Dali lọ gbá òpó afárá Francis Scott Key ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Afárá wó sómi, òṣìṣẹ́ mẹ́fà tó ń tún ojú títì orí rẹ̀ ṣe lóru ọjọ́ náà sì kú. Nínú ìròyìn tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ kan, "allision". Mo ní àṣìtẹ̀ ni. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ di "collision" kí ọkàn mi tó ní kí n wo ìwé atúmọ̀ èdè ná. Àṣìtẹ̀ kọ́. Àtìgbà náà ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ jọ bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀, àwọn tó sì mọ̀ pé mò ń ṣe é kò yéé bi mí ní ìbéèrè. Mo kó àwọn èyí tó wọ́pọ̀ jù síbí. Ohun kan ni ẹ ó máa bá pàdé nínú wọn: ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yàn láti fi sọ bí ọkọ̀ ṣe kan ọkọ̀, ẹjọ́ ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé iwájú adájọ́.

Kí wá ni ìyàtọ̀ "collision" sí "allision"?

Inú èdè Látìnì ni àwọn méjèèjì ti wá. "Collidere" ni kí nǹkan méjì gbá ara wọn. "Allidere" ni kí ọ̀kan lọ gbá òmíràn. Nínú òfin ọkọ̀ ojú omi, pàápàá ti Amẹ́ríkà, "collision" ni ti ọkọ̀ méjì tí àwọn méjèèjì ń rìn. Bí ọ̀kan bá ń rìn, tí ìkejì so mọ́ èbúté, tàbí tó ti ju ìdákọ̀ró, tàbí tó jẹ́ pé afárá ni, "allision" nìyẹn. Àwọn lọ́yà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà yọ ara wọn lẹ́nu lórí ìyàtọ̀ yìí. "Collision" ni wọ́n fi ń kó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Owó ńlá wà nínú ìyàtọ̀ náà o. Lóṣù Kejìlá ọdún 1889, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Oregon lọ gbá ọkọ̀ onígbòkun Clan Mackenzie, èyí tó ti ju ìdákọ̀ró sínú odò Columbia. Ẹjọ́ náà rìn títí tó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1895, wọ́n fi ìlànà kan lélẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò dòní: ẹni tó ń rìn tó lọ gbá ẹni tó dúró, òun ló jẹ̀bi, àfi bó bá lè mú ẹ̀rí wá pé òun kọ́.

Ní ti àwa Yorùbá, "ara wọn" ti tó wa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ páàkì mọ́tò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, dánfó wá gbá a nídìí. Ọlọ́pàá dé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ọkọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn." Ṣé ẹ ò ní pariwo? "Ara wọn bí i ti báwo? Òun ló wá kọ lu tèmi!" Ẹ̀yin náà ti di lọ́yà nìyẹn, ẹ ò sì gbọ́ Látìnì.

Kí "collision" tó gbòde, kí ni àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ?

Láyé ọkọ̀ onígbòkun, ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu wọn jù: "fall foul of" àti "fall aboard of".

Látilẹ̀, ohun tó dọ̀tí, tó ti rà, ni "foul". Lẹ́nu atukọ̀, ó di ohun tó lọ́ mọ́ra wọn, tó takókó. Òdìkejì rẹ̀ ni "clear". Okùn tó takókó, "foul" ni. Ìdákọ̀ró tí okùn ara rẹ̀ wé mọ́ lọ́rùn, "foul" ni. Ìdákọ̀ró tí okùn wé mọ́ yìí gan-an ni Admiralty, ilé-iṣẹ́ tó ń darí àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe àmì rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ohun tí atukọ̀ kankan kò ní fẹ́ kó bá ìdákọ̀ró òun ni àwọn ọ̀gá wọn gbé sára àsíá.

Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ onígbòkun, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Òpó mẹ́ta ló dúró lórí rẹ̀, igi gbọọrọ dábùú òpó kọ̀ọ̀kan láti fi ta ìgbòkun, okùn sì gba gbogbo òkè lọ bí ilé aláǹtakùn. Bí méjì irú rẹ̀ bá fara kan ara wọn, kì í ṣe pé wọ́n á gbá ara wọn kí wọ́n sì yà. Igi tibí á kọ́ okùn tọ̀hún, wọ́n á há mọ́ra bí àgbò méjì tí ìwo wọn kọ́ra, ìgbì á sì máa fi wọ́n gbo ara wọn. Àáké ni àwọn atukọ̀ máa ń sáré mú, kí wọ́n lè gé okùn kí ọkọ̀ lè bọ́.

Ẹ wá wo "fall", ìyẹn kí nǹkan ṣubú. "Ọkọ̀ tọ̀hún ṣubú lù wá" ni ọ̀gá ọkọ̀ á kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀. Ta ló tì í? Kò sẹ́nì kan. Atẹ́gùn ni, ìṣàn omi ni. Lóòótọ́, ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì máa ń di ẹrú atẹ́gùn nígbà mìíràn, n kò lè pe gbogbo wọn ní òpùrọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ ni. Bí ọmọdé bá fọ́ àwo, ṣebí "ó bọ́ lọ́wọ́ mi" ló máa ń sọ.

"Aboard" ní tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ń sọ, kì í ṣe inú rẹ̀. Nínú ìjà Trafalgar, 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1805, ọ̀gá ọkọ̀ Victory, Thomas Hardy, sọ fún Nelson, olórí ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, pé kò sí àyè láti gba àárín àwọn ọkọ̀ ọ̀tá kọjá láìjẹ́ pé àwọn "run on board" ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn kí àwọn lọ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nelson ní kó mú èyí tó bá wù ú. Victory lọ há mọ́ Redoutable, ọkọ̀ Faransé. Orí òpó Redoutable yìí ni ọta ìbọn tó pa Nelson ti wá. Bí wọ́n bá lọ́ mọ́ra, wọ́n ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ṣé "foul" inú bọ́ọ̀lù náà nìyí?

Òun náà ni, ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì sọ pé ẹnì kan "fell foul of the law", ọkọ̀ onígbòkun ló ń sọ láìmọ̀: ẹni náà ti lọ́ mọ́ òfin, okùn ti kọ́ ọ.

Mo rò pé pákó ni "board". Báwo ló ṣe di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀?

Pákó náà ni. Pákó ni wọ́n fi ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, orúkọ pákó sì di orúkọ ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ń gbé àjẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ kọ́ láyé àtijọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀tún ọkọ̀ fi ń jẹ́ "starboard", ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ìtọ́kọ̀. Wọn kò ní fẹ́ kí àjẹ̀ náà há sáàárín ọkọ̀ àti èbúté, nítorí náà òsì ni wọ́n ń fi kan èbúté, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrù wọlé. Òsì wá di "larboard".

"Starboard", "larboard". Ẹ pariwo méjèèjì nínú ìjì kí ẹ wò ó! Admiralty pàṣẹ ní 1844 pé kí wọ́n pa "larboard" tì, kí wọ́n máa pe òsì ní "port". Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn ní 1846. Ọ̀tún àti òsì tiwa kò jọra rárá, a ò nílò àṣẹ ìjọba kankan.

Àwọn tó ń sọ èdè mìíràn ńkọ́?

Ibí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Faransé ń pe ìkọlù ọkọ̀ ní "abordage". Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún kí àwọn olè òkun fò sínú ọkọ̀ ẹni pẹ̀lú idà. Inú orúkọ ìwé òfin tí gbogbo ayé fi ń dènà ìjàǹbá lójú òkun ló wà lédè Faransé títí dòní, òun sì ni atukọ̀ tó kọ́ṣẹ́ lédè náà ní Kùtọnu tàbí Lomé á kà. Èdè Sípéènì ní "abordaje", bẹ́ẹ̀ náà ni ní Kúbà.

Èdè Pọtogí tún wá yàtọ̀. "Abalroamento" ni wọ́n ń sọ. Inú rẹ̀ ni "balroa" wà, ìkọ́ irin tí wọ́n máa ń jù láti fi gbá ọkọ̀ ọ̀tá mú kí wọ́n lè wọ inú rẹ̀ lọ jà. Ní Bràsíl, RIPEAM ni ìnagijẹ ìwé òfin yẹn, lẹ́tà A kan nínú rẹ̀ sì dúró fún "abalroamentos". Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ìdánwò atukọ̀ ní Salvador, ní Bahia níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa gúnlẹ̀ sí nínú ẹ̀wọ̀n, orúkọ ìkọ́ ogun ló ń kọ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀.

Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ tó bá ti sún mọ́ ọkọ̀ dé ìwọ̀n kíkàn, ìjà ló sábà máa ń jẹ́. Ni wọ́n bá fi orúkọ ìjà pe ìjàǹbá.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ kan ọkọ̀?

Dáadáa. Àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù a máa fi idẹ ṣe ẹnu ṣóńṣó sí imú ọkọ̀ ogun láti fi lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá. "Rostrum" ni Látìnì ń pè é, ìyẹn ẹnu ẹyẹ. Ní 338 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Róòmù ṣẹ́gun ìlú Antium, wọ́n já ẹnu idẹ àwọn ọkọ̀ ibẹ̀, wọ́n kàn wọ́n mọ́ pèpéle tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń dúró lé lóríta ìlú. Láti ibẹ̀ ni "rostrum" fi di pèpéle ọ̀rọ̀ sísọ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan náà tún padà wá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kan ọkọ̀. Ní 1866, nínú ìjà Lissa, ọkọ̀ Austria kan fi imú lu ọkọ̀ Ítálì tó ń jẹ́ Re d'Italia, ó sì rì. Gbogbo àwọn ológun ojú omi bá ń fi irin ṣóńṣó sí imú ọkọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ tiwọn gan-an ni wọ́n wá ń fi lù jù. Ìjàǹbá tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni ti 22 oṣù Kẹfà ọdún 1893 létíkun Tripoli ti Lebanon. Admiral George Tryon, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tò àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ méjì, yáàdì 1,200 sì wà láàrin ọ̀wọ́ méjèèjì. Ó ní kí ọ̀wọ́ méjèèjì yí padà sí inú, kí wọ́n kọjú síra. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nílò nǹkan bí yáàdì 800 kó tó lè yí tán. Kò pẹ́ tí ìṣirò náà fi hàn sí gbogbo ènìyàn. Irin imú Camperdown, tó ṣíwájú ọ̀wọ́ kan, wọ ẹ̀gbẹ́ Victoria, ọkọ̀ tí Tryon fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ènìyàn 358 sì bá a lọ, Tryon náà wà níbẹ̀.

"Run down" ńkọ́? Mo rí i nínú ìwé adójútòfò.

"Run down" ni kí ọkọ̀ kan gùn lé òmíràn, kó tẹ̀ ẹ́ rì. Kò sí "ṣubú" níbí mọ́. Ẹnì kan sáré, ẹnì kan ló jìyà rẹ̀.

Nínú ìwé adójútòfò, ẹjọ́ kan ní 1836 ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́. Ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìwé adójútòfò lásán kò ní kí ilé-iṣẹ́ san owó tí olówó ọkọ̀ jẹ ẹlòmíràn nítorí pé ó kọ lu ọkọ̀ tiẹ̀. Ni wọ́n bá kọ àdéhùn tuntun mọ́ ọn, wọ́n pè é ní "running down clause". Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nìkan ló ń san. Kí ló dé tí kò san gbogbo rẹ̀? Wọ́n ní kí olówó ọkọ̀ náà lè gbé díẹ̀ lérí, kó má baà máa sáré bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Àwọn olówó ọkọ̀ ò sọ̀rọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájọdáwó sílẹ̀ láti ọdún 1855 láti máa fi san ìdá kan tó kù.

"Stove in"?

Pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó fọ́ sínú ni. "Stave" ni pákó wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kan àgbá, "stove" sì wá láti ara rẹ̀, kò bá ààrò oúnjẹ tan. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń fa irú rẹ̀: ní 1820, ẹja àbùùbùtán ló forí lu ọkọ̀ Essex ti Nantucket, ní Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mejì tó fi rì.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ní kí Titanic yà sọ́tùn-ún, ó wá yà sósì?

Òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́nì kankan tó ṣàṣìṣe níbẹ̀. Nígbà tí William Murdoch, ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí Titanic lóru náà, rí òkè yìnyín lóṣù Kẹrin ọdún 1912, "hard a-starboard" ló pa láṣẹ. Láyé ọkọ̀ onígbòkun, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ni àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń bá wí. Ẹni tó bá ti tukọ̀ onípákó kékeré rí á mọ̀ pé bí ẹ bá ti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún, òsì ni imú ọkọ̀ ń lọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ yí ìtọ́kọ̀, wọn ò yí ọ̀rọ̀ padà. Òsì tí Murdoch fẹ́ ni ọkọ̀ náà yà sí.

Lẹ́yìn ìpàdé àgbáyé kan ní 1929, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí i padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1933: ọ̀tún di ọ̀tún. Ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà atukọ̀ ọdún yẹn. Ẹ sun lálẹ́ kí ẹ jí láàárọ̀ kí ọ̀tún ti di òsì.

Lójú òkun tí kò ní títì, ta ló ń yà fún ta?

Ọjọ́ pẹ́ kí wọ́n tó fẹnu kò. Trinity House ní Lọ́ńdọ̀nù, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iná etíkun, fi ìlànà lélẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ onísítíìmù ní 1840 pé bí wọ́n bá pàdé, kí oníkálùkù yà sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ní 1863, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ ṣe òfin kan náà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì gbà á. Èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí, ọdún 1972 ni wọ́n ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 15 oṣù Keje ọdún 1977.

Bí ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì méjì bá fẹ́ dábùú ara wọn, èyí tó rí ìkejì lápá ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ yà. Iná ara wọn ló ń sọ ọ́ lálẹ́: pupa lósì, àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún. Bí ẹ bá rí iná pupa ẹlòmíràn lápá ọ̀tún yín, ẹ̀yin lẹ máa yà.

Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ yà ni wọ́n ń pè ní "burdened", ẹlẹ́rù. Èyí tí wọ́n ń yà fún ni "privileged", ẹni iyì. Òfin 1972 pa àwọn orúkọ yẹn tì. "Give-way" àti "stand-on" ni báyìí: ẹni tó máa yà, àti ẹni tó máa dúró lórí ọ̀nà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ẹ bá ń pè ní ẹni iyì á rò pé ẹ̀tọ́ òun ni kí wọ́n yà. Bẹ́ẹ̀ òfin fi iṣẹ́ lé òun náà lọ́wọ́: kó má yí ọ̀nà tàbí eré rẹ̀ padà, kí ẹnìkejì lè mọ ibi tó ń lọ, àmọ́ bó bá ti rí i pé ẹnìkejì nìkan kò lè yẹ ìjàǹbá náà mọ́, kí òun náà yà kíákíá. Ìyípadà ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání jù nínú gbogbo èyí tí mo kà nìyẹn. Ẹni tó bá ti dúró ní oríta Ọjọ́ẹlẹ́gba rí mọ irú èèyàn tí "ẹ̀tọ́ mi ni" ń sọ ènìyàn dà.

Báwo ni atukọ̀ ṣe ń mọ̀ pé àwọn máa kọlu ara wọn kó tó ṣẹlẹ̀?

Gbólóhùn kan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: "constant bearing, decreasing range", ìyẹn pé apá ibi tí ẹ ti ń rí i kò yí, àlàfo sì ń dín kù. Ẹ jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ yín, ẹ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, kí ẹ fojú so ó mọ́ òpó kan lára ọkọ̀ tiyín. Ẹ má mira. Bó bá ń sún síwájú òpó, á gba iwájú yín kọjá. Bó bá ń sún sẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa kọjá níwájú rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ òpó náà, tí kò sún síbì kankan, tó kàn ń tóbi sí i, ẹ ti ń lọ pàdé ara yín nìyẹn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó máa pani gan-an ló dà bí ẹni pé kò mira.

Ṣé rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ tó wà lókèèrè hàn nínú òkùnkùn, kò ti yanjú gbogbo èyí?

Àwọn atukọ̀ ní òkò ọ̀rọ̀ kan fún ìyẹn: "radar-assisted collision", ìkọlù tí rédà bá wọn ṣe. Ọkọ̀ èrò kan tó ń jẹ́ Andrea Doria ni wọ́n máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Lálẹ́ 25 oṣù Keje ọdún 1956, kùrukùru bo òkun nítòsí Nantucket. Andrea Doria ti Ítálì ń lọ sí New York, Stockholm ti Sweden ń ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn méjèèjì rí ara wọn lójú rédà tipẹ́ kí wọ́n tó pàdé. Ọ̀kan yà sósì kó lè fún ìkejì láyè. Ìkejì yà sọ́tùn-ún. Nígbà tí wọ́n kọjú síra, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì yà sí. Imú Stockholm, tí wọ́n ṣe le nítorí yìnyín, wọ ẹ̀gbẹ́ Andrea Doria lọ. Ènìyàn 51 kú. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan sùn nínú yàrá rẹ̀ nínú Andrea Doria. Orí imú Stockholm tó ti fọ́ ni wọ́n ti rí i láàyè. Imú náà ló gbé e kúrò lórí ibùsùn rẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì yanjú ọ̀rọ̀ náà láàrin ara wọn ní 1957, kò dé ibi tí adájọ́ á ti sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó tó bí 1,660 ènìyàn tí wọ́n yọ láàyè, ìgbàlà ńlá nìyẹn náà.

Bí àwọn méjèèjì bá jẹ̀bi ńkọ́?

"Both to blame" ni wọ́n ń pè é. Tẹ́lẹ̀, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì a kàn pín àdánù náà sí méjì dọ́gba: ẹni tó ṣẹ̀ díẹ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ púpọ̀, ọgbọọgba. Àdéhùn kan tí wọ́n ṣe ní Brussels ní 1910 ló yí i padà pé kí oníkálùkù san ìwọ̀n ẹ̀bi tirẹ̀. Amẹ́ríkà kò bá wọn fọwọ́ sí i, ọdún 1975 ni ilé ẹjọ́ wọn tó gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan rèé. 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1942, ogun àgbáyé kejì ń lọ. Queen Mary, ọkọ̀ èrò ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ó ń rìn wọ́kuwọ̀ku kí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì má baà rí i fojú sùn. Curacoa, ọkọ̀ ogun kékeré, ń ṣọ́ ọ. Queen Mary gé e sí méjì bí ẹni gé iṣu. Àṣẹ ni pé kò gbọdọ̀ dúró, kò sì dúró. Ó lé ní 300 ènìyàn tó kú. Ní 1949, ẹjọ́ náà parí: ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀bi lórí Curacoa, ìdá kan lórí Queen Mary. Ẹni tó kú ló jẹ̀bi jù.

Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí ló ti bọ́ sórí ilẹ̀?

Ó pọ̀. "Steer clear", ìyẹn kí ẹ yẹra fún nǹkan. "Wide berth": àyè tí ọkọ̀ tó ju ìdákọ̀ró fi ń yí bí atẹ́gùn bá ṣe ń tì í ni "berth" yẹn, ẹni tó bá ń kọjá á fi gbà á fẹ̀ẹ́. "Fender" ara mọ́tò náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti yá a; ohun tí wọ́n fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ẹ̀gbẹ́ má baà gbá èbúté ni. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Marina l'Ékòó, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ èbúté. Táyà àlòkù ni wọ́n fi okùn so kọ́ tò lọ, omíyọ̀ ti bẹ́ díẹ̀ lára wọn. Ọkọ̀ gúnlẹ̀, táyà dún "gbìì", kò sẹ́ni tó yíjú wò. Mọ́tò yá "fender" lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú omi wá yá táyà mọ́tò padà.

Báwo wá lẹ ṣe kọ ìròyìn Dali yẹn nígbẹ̀yìn?

"Ọkọ̀ Dali lọ gbá òpó afárá" ni mo kọ. Olóòtú mi ní òun fẹ́ "Ìkọlù wáyé láàrin ọkọ̀ àti afárá." Ó ní iná ọkọ̀ náà ti kú kó tó dé ìdí afárá, pé kò mọ̀ọ́mọ̀, ká má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí afẹ́fẹ́. Mo ní n kò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Mo bi í pé nínú àwọn méjèèjì, èwo ló gbéra? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.